Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nípa ọ̀rọ̀ "ting" nínú àwọn èdè Skandinéfíà

Stortinget ni orúkọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Nọ́wè. Folketinget ni ti Dẹ́nmáàkì, Alþingi ni ti Áísìláńdì, Løgtingið sì ni ti àwọn erékùṣù Faroe. Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ á ti rí ọ̀rọ̀ kan náà nínú gbogbo wọn kó tó kà wọ́n tán, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Á ní "thing" ni, á ní nǹkan ni "thing", á wá túmọ̀ Stortinget sí "Nǹkan Ńlá". Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń kọ́ àwọn èdè wọ̀nyí, tàbí tó ń túmọ̀ ìròyìn wọn sí Yorùbá, kó sí ọ̀fìn yìí mọ́. Òfin, ẹjọ́, ilẹ̀ àti ìṣèjọba orílẹ̀-èdè mélòó kan ló wà lórí ọ̀rọ̀ kékeré yìí, àṣìṣe tí wọ́n sì ń ṣe lórí rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan.

Má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí "nǹkan"

Ìpàdé ló ṣáájú, nǹkan ló tẹ̀lé e. Nínú èdè àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Old Norse, èyí tí àwọn ará Nọ́wè àti Áísìláńdì ń sọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, þing ni ìpàdé gbangba tí àwọn ọmọ ìlú tó lómìnira máa ń ṣe láti ṣòfin, láti gbọ́ ẹjọ́, láti fi ọba jẹ. Àwọn onímọ̀ èdè tún tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ sẹ́yìn ju ìyẹn lọ. Wọ́n so ó mọ́ ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí àkókò, irú èyí tó wà nínú èdè Gothic gẹ́gẹ́ bíi þeihs. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn nìyí: ó kọ́kọ́ jẹ́ àkókò tí wọ́n dá, ó di ìpàdé tí wọ́n ṣe ní àkókò náà, ó di ọ̀ràn tí wọ́n gbé wá síwájú ìpàdé, ó di ọ̀ràn èyíkéyìí, kó tó wá di nǹkan èyíkéyìí, títí kan ife àti bàtà.

Kò yẹ kí èyí ya Yorùbá lẹ́nu. Bí a bá ní "ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn ti dé kóòtù", kì í ṣe ohun tí ẹnu sọ là ń wí, ọ̀ràn ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ni. Àwọn èdè Yúróòpù mìíràn ṣe irú rẹ̀. Causa, tó jẹ́ ìdí àti ẹjọ́ nínú èdè Látìn, ló di chose nínú Faransé tí àwọn ará wa ní Kétu àti Àjàṣẹ́ ń sọ; òun náà ló di cosa lẹ́nu àwọn ará Kúbà. Sak, tí àwọn ará Swídìn fi ń pe nǹkan lónìí, ẹjọ́ ni òun náà tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà: láti ibi ẹjọ́ ni wọ́n ti wọlé wá sínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Tí ẹnì kan bá wá sọ fún ọ pé àwọn ará àtijọ́ pe ìpàdé wọn ní "nǹkan" nítorí pé wọn ò rí orúkọ mìíràn fún un, ó ti gbé ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà síwájú.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí o. Má ṣe fi ìró lásán wá orírun ọ̀rọ̀. Nínú Yorùbá, "dájọ́" lè jẹ́ pé a mú ọjọ́ kan, ó sì lè jẹ́ pé a ṣe ìdájọ́. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìtàn ting lè sáré sọ pé tiwa náà gba ọ̀nà yẹn wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. "Ọjọ́" ló wà nínú ọ̀kan, "ẹjọ́" ló wà nínú èkejì. Ìgbà tí a pa fáwẹ̀lì jẹ ni ìró wọn bá ara mu. Ti ting yàtọ̀, nítorí pé àwọn ìwé òfin àti ìwé ìtàn àtijọ́ wà nílẹ̀ tí a ti ń rí ìtumọ̀ kan bó ṣe ń yọ́ wọnú èkejì.

Má ṣe fojú kéré en àti et

Ibí ni mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró sí jù. Àwọn èdè Dẹ́nmáàkì, Nọ́wè àti Swídìn pín ọ̀rọ̀ orúkọ sí agbo. Àwọn kan ń gba en, àwọn kan ń gba et, tí Swídìn ń kọ ní ett. Nọ́wè tún ní ei, àmọ́ kò kan ọ̀rọ̀ wa yìí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé ìnira lásán ni, pé bí wọ́n bá ṣì í, wọ́n á ṣáà gbọ́ ohun tí àwọn ń sọ. Lórí ting, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Ní Dẹ́nmáàkì àti Nọ́wè, en ting ni nǹkan kan, et ting ni ìpàdé òfin. Bí ará Oslo bá sọ pé "jeg har en ting å si", nǹkan kan wà tó fẹ́ sọ. Bí ìwé ìtàn bá sọ pé ọba pe "et ting", ó pe àwọn èèyàn jọ nítorí òfin tàbí ẹjọ́ ni. Ìparí ọ̀rọ̀ náà tún ń tú àṣírí: tingen ni nǹkan náà, tinget ni ìpàdé náà. Padà wo Stortinget àti Folketinget. -et ló parí méjèèjì, ìyẹn nìkan sì ti tó láti jẹ́ kí o mọ̀ pé kò sí "nǹkan" kankan níbẹ̀. -ið tó wà ní ìparí Løgtingið ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní Faroe. Ẹni tó bá kọ "Stortingen", ó ti kọ ohun tí kò sí ní Nọ́wè.

Ṣùgbọ́n má kó òfin yìí lọ sí Swídìn. Níbẹ̀, ett ting ni méjèèjì: ohun tí o lè fọwọ́ kàn ni ett ting, ìpàdé ẹjọ́ àtijọ́ náà sì ni ett ting. Bí o bá ní "en ting" ní Stockholm, wọ́n á mọ̀ pé Dẹ́nmáàkì tàbí Nọ́wè lo ti kọ́ ọ. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ pàápàá, sak ni ará Swídìn máa ń lò ju ting lọ. En sak ló máa ń ní láti bá ọ sọ. Ní Áísìláńdì, hlutur ni nǹkan, wọ́n sì fi þing sílẹ̀ fún ilé aṣòfin àti àpérò.

Bó bá di púpọ̀ ní Dẹ́nmáàkì tàbí Nọ́wè, ààbò en àti et á lọ. To ting ni nǹkan méjì, to ting náà sì ni ìpàdé méjì. Gbólóhùn tó yí i ká nìkan ló lè gbà ọ́ sílẹ̀. Ní ti ingenting, tó wà nínú èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí nǹkan kan ló túmọ̀ sí, má ṣe wá ìpàdé kankan nínú rẹ̀.

Má ṣe túmọ̀ landsting láì béèrè orílẹ̀-èdè àti ọdún

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ting bí, èyí ló ń ṣi àwọn atúmọ̀ lọ́nà jù lójú tèmi, nítorí pé bákan náà ni wọ́n ń kọ ọ́ níbi gbogbo.

Ní Dẹ́nmáàkì nìkan, ó ti jẹ́ ohun méjì. Láyé àtijọ́, landsting ni ìpàdé àgbègbè ńlá, tí ó wá di kóòtù bí ọdún ti ń gorí ọdún. Èyí tó wà ní Viborg ni àwọn ará Jutland, àgbègbè ńlá kan ní Dẹ́nmáàkì, ti máa ń kéde ọba. Gẹ́gẹ́ bíi kóòtù, ó dúró títí di 1805. Nígbà tí òfin ìpìlẹ̀ 1849 dé, wọ́n pín ilé aṣòfin sí méjì, wọ́n sọ ọ̀kan ní Folketing, wọ́n sọ èkejì ní Landsting, wọ́n sì ń pe àpapọ̀ wọn ní Rigsdag. Òfin ìpìlẹ̀ 1953 ló pa Landsting rẹ́, tí Folketing fi dá wà títí di òní. Greenland, erékùṣù tó wà lábẹ́ Dẹ́nmáàkì, náà lo orúkọ yìí fún ilé aṣòfin tirẹ̀ nígbà tí wọ́n gba ìjọba abẹ́lé ní 1979. Inatsisartut ni wọ́n ń pè é ní èdè tiwọn, orúkọ yẹn ló sì yẹ kí a máa lò báyìí.

Ní Swídìn, ohun mìíràn pátápátá ni. Ní 1862, wọ́n dá landsting sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ tí àwọn ará ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dìbò yàn. Ó ń gba owó orí, iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù sì wá di ìtọ́jú aláìsàn. Owó oṣù nọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ìtọ́jú aboyún, ọwọ́ landsting ni gbogbo rẹ̀ wà. Ronú sí ìròyìn Swídìn kan láti ọdún 1995 tó sọ pé landsting fẹ́ ti wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí kan pa. Atúmọ̀ tó bá kọ "ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà", Dẹ́nmáàkì ayé 1950 ló gbé wọ Swídìn lọ́rùn. Òǹkàwé á máa ṣe kàyéfì pé kí ló kan àwọn aṣòfin àgbà pẹ̀lú wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí. Láti 2020 sì ni òfin Swídìn ti fi ọ̀rọ̀ náà, region, rọ́pò landsting, nítorí náà, ẹni tó bá ń kọ̀wé nípa ìlera Swídìn òde òní kò ní ìdí láti lo landsting mọ́, àfi tó bá ń sọ ìtàn.

Má ṣe wá ilé aṣòfin Swídìn lábẹ́ ting

Nítorí pé Nọ́wè, Dẹ́nmáàkì àti Áísìláńdì ń lo ting fún ilé aṣòfin, àwọn èèyàn máa ń rò pé Swídìn náà gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Kò ní. Riksdag ni tirẹ̀. Ọjọ́ ni dag, ọjọ́ ìpàdé ló sì di orúkọ ìpàdé. Ó jọ pé ọ̀nà tí ting gbà láyé àtijọ́ ni Riksdag náà tún gbà.

Kóòtù ni ting bá lọ ní Swídìn. Láti àtúnṣe ọdún 1971, tingsrätt ni orúkọ kóòtù tí ẹjọ́ ti kọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀. Nọ́wè náà ṣe irú rẹ̀ ní 2002, wọ́n sọ kóòtù àkọ́kọ́ tiwọn ní tingrett. Bí lọ́yà ará Swídìn bá sọ fún ọ pé òun "satt ting", má ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti ṣe aṣòfin rí. Ohun tó ń sọ ni pé lẹ́yìn tí òun gboyè ìmọ̀ òfin, òun ṣiṣẹ́ ní kóòtù lábẹ́ adájọ́, kí òun lè mọ iṣẹ́. Ní Nọ́wè, mélòó kan nínú àwọn kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ṣì ń jẹ́ orúkọ àwọn ìpàdé tó ti wà kí ọba Magnus Lagabøte tó ṣe òfin kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1274: Gulating wà ní Bergen, Frostating wà ní Trondheim, Borgarting wà ní Oslo. Ìwọ tí o bá kà á nínú ìwé ìròyìn pé Gulating ti dá ẹnì kan láre, ọ̀rọ̀ òní ni, kì í ṣe ìtàn ayé àwọn Viking, àwọn atukọ̀ jagunjagun Skandinéfíà àtijọ́.

Tinglysning ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Ẹni tó bá ra ilé ní Dẹ́nmáàkì á bá a pàdé lórí ìwé rẹ̀, nítorí pé ìforúkọsílẹ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ilé náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni. Ìmọ́lẹ̀ ni lys, àwọn kan sì ti fi ìyẹn túmọ̀ rẹ̀ sí títan ìmọ́lẹ̀ sí nǹkan. Àmọ́ lyse tó wà níbí ni pé kí a kéde. Láyé àtijọ́, ẹni tó ta ilẹ̀ àti ẹni tó rà á máa ń wá síwájú ìpàdé, wọ́n á kéde rẹ̀ létí gbogbo èèyàn, kó má bàa sí ẹni tó máa yọjú lọ́la pé òun ò gbọ́. Lónìí, kóòtù kan tó wà ní ìlú Hobro, Tinglysningsretten, ló ń ṣe iṣẹ́ náà, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ti ń ṣe é láti 2009. Ní Nọ́wè, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní tinglysing, ọwọ́ Kartverket ló wà, àwọn tó ń ya àwòrán ilẹ̀ fún ìjọba. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń dìde kéde mọ́, àmọ́ ìkéde ṣì wà nínú orúkọ.

Má ṣe ka þ sí p

Lẹ́tà yìí, þ, kì í ṣe p. Ìró tó ń ṣáájú "think" nínú Gẹ̀ẹ́sì ló dúró fún. Áísìláńdì ṣì ń lò ó. Lẹ́nu àwọn ará Nọ́wè, Dẹ́nmáàkì, Swídìn àti Faroe, ó ti di t. Ẹni tó bá kọ "Alpingi" kò ní rí i nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan. Bí bọ́tìnnì þ ò bá sí lórí kọ̀ǹpútà rẹ, th ni kí o kọ.

Má ṣe sọ pé Viking ló fún Gẹ̀ẹ́sì ní "thing"

Òótọ́ ni pé àwọn Viking fi ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí kò sí lára wọn. Þing ti wà nínú òfin àwọn ọba Kent, Hlothhere àti Eadric, ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún keje, pẹ̀lú ìtumọ̀ ìpàdé, bẹ́ẹ̀ 793 ni àwọn Viking kọ lu Lindisfarne, erékùṣù kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ìyá ni Gẹ̀ẹ́sì àti Skandinéfíà, àwọn méjèèjì ló jogún ọ̀rọ̀ náà. Èyí tí Gẹ̀ẹ́sì yá ni "hustings" tí wọ́n ń lò nígbà ìpolongo ìbò. Ó wá láti húsþing, ìpàdé tí olórí kan ń bá àwọn èèyàn agbo ilé rẹ̀ ṣe.

Irú àṣìṣe yìí kan náà tún wà lórí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ní tirsdag ti Dẹ́nmáàkì àti Nọ́wè, pẹ̀lú tisdag ti Swídìn, ni ọjọ́ ting. Rárá. Týr, òrìṣà wọn, ló ni ọjọ́ náà. Dienstag ti Jámánì àti dinsdag ti àwọn ará Netherlands ló bá ting tan, nípasẹ̀ orúkọ òrìṣà Mars Thingsus. Àwọn ọmọ ogun Frisia tó ń sin Róòmù gbẹ́ orúkọ òrìṣà yìí sára òkúta ìrúbọ ní Housesteads, létí odi Hadrian tí àwọn ará Róòmù mọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti hú u jáde ní 1883. Áísìláńdì kò bá ẹnikẹ́ni lọ: þriðjudagur ni tiwọn, ọjọ́ kẹta.

Má ṣe sọ ìpàdé àtijọ́ di ìjọba tiwa-n-tiwa òde òní

Þingvellir ni kí a wò. Àfonífojì ni, odò Öxará ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá, ògiri àpáta gíga sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti nǹkan bí ọdún 930 ni àwọn ará Áísìláńdì ti ń kóra jọ síbẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀pọ̀ gẹṣin láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n á ta aṣọ sórí ògiri kúkúrú tí wọ́n fi òkúta àti koríko mọ, wọ́n á sì máa gbé abẹ́ rẹ̀ títí ìpàdé á fi parí. Òfin kò tíì wà nínú ìwé. Orí ọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní lögsögumaður ló wà. Lọ́dọọdún, á dúró sí Lögberg, Àpáta Òfin, á ka ìdá mẹ́ta òfin sókè létí gbogbo èèyàn, tó fi jẹ́ pé á ka gbogbo rẹ̀ tán láàárín ọdún mẹ́ta. Ìgbà òtútù 1117 sí 1118 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀. Níbẹ̀ náà, ní nǹkan bí ọdún 1000, ni Þorgeir, tó wà ní ipò náà nígbà yẹn, ti kéde pé kí gbogbo wọn gba ẹ̀sìn Krístì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ jẹ́ abọ̀rìṣà.

Ìtàn ńlá ni, mo sì fẹ́ kí a sọ ọ́ bó ṣe rí. Àwọn ìjòyè tí wọ́n ń pè ní goði ló ń pàṣẹ ní Lögrétta, níbi tí wọ́n ti ń ṣe òfin. Ẹrú kò ní ohùn. Obìnrin kò lè jókòó níbẹ̀. Bí oyè goði bá bọ́ sí i lọ́wọ́, ọkùnrin ló gbọ́dọ̀ gbé e fún. Bákan náà, má ṣe kọ ọ́ pé Alþingi ń jókòó láì dáwọ́ dúró láti 930. Wọ́n tú u ká ní 1800, ọba Dẹ́nmáàkì dá a padà ní 1843, ó sì tún jókòó ní 1845. Reykjavík ló ti jókòó nígbà yẹn, kò padà sí Þingvellir. Løgting Faroe náà ní irú àlàfo yìí, láti 1816 sí 1852.

Má ṣe ka "wall" sí ògiri

Pápá ni vellir, ìyẹn vǫllr ní ẹyọ kan. Pápá ìpàdé ni Þingvellir. Ibi tí àwọn ará Nọ́wè bá tẹ̀dó sí lókè òkun, wọ́n máa ń sọ ibi ìpàdé wọn ní orúkọ yẹn, ẹnu àwọn ará ibẹ̀ ló wá ń yí i padà: Tingwall ní Shetland, Dingwall ní Skọ́tíláńdì, Thingwall lẹ́bàá Liverpool. Ẹni tó bá ń wá odi ìlú ní èyíkéyìí nínú wọn nítorí orúkọ yìí, ó ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò ni. Ní erékùṣù Isle of Man, orúkọ náà di Tynwald, òun sì ni wọ́n fi ń pe ilé aṣòfin wọn. Lọ́jọ́ karùn-ún oṣù Keje, àwọn aṣòfin ibẹ̀ máa ń jáde lọ sí òkè kékeré kan ní St John's, wọ́n á kéde àwọn òfin tuntun níta gbangba ní Manx, èdè ìbílẹ̀ wọn, àti Gẹ̀ẹ́sì.